Ife Bàbà àti Ìfun Inú Àwo

Ọmọ mi atàtà,

O kú iṣẹ́, o kú àfaradà. Ṣé dáadáa lo wà? Àlàáfíà la wà, a dúpẹ́. Olúwa kò ní jẹ́ kí ojú tí o fi ń wo ohun tíńtìntín rẹ̀ ẹ́ o.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́, mo sì kà á fún bàbá rẹ ní ìsọ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń lu bàbà. O ní ní yàrá ìwádìí yín, ẹ ń sin sẹ́ẹ̀lì ìfun ènìyàn sínú àwo pẹlẹbẹ, pé wọ́n a di ara wọn lọ́wọ́ mú pinpin kí ìdọ̀tí má baà ráàyè kọjá, pé tí bàbà bá pọ̀ jù lára wọn, ọwọ́ wọn a dẹ̀, ìfun a sì máa jò. Háà! Ọmọ tí mo ń nu imú fún lánàá yìí ló wá mọ inú ìfun báyìí!

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìfun bàbá rẹ ló wà nínú àwo yẹn, torí mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí dókítà bu díẹ̀ nínú ìfun wọn lọ́dún tó kọjá. O wá ní gbogbo ọjọ́ Ajé lẹ ń da omi bàbà sí i. Ọjọ́ Ajé náà ni inú ń run bàbá rẹ! Mo yáa gbé fóònù, mo pa á kí owó inú rẹ̀ má baà tán, mo wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ọ́ nínú fóònù tí mo ti pa náà pé kí o rọra ṣe bàbá rẹ.

Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé kejì, ó ní irọ́ ni, ó bi mí pé kí ni bàbá rẹ ń mu. Mo ní ṣebí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n ń fún sínú ife bàbà wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n á mu láàárọ̀ Ajé. Ó pariwo pé omi kíkan a máa jẹ bàbà, ohun tí o kọ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ níkùn bàbá rẹ.

Mo ní kí bàbá rẹ fi ife náà sílẹ̀, wọ́n yarí. Ọjọ́ tí mo bí ọ ni wọ́n lu ife náà. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà á, ọmọ wọn ló gbà. Mo ní ọmọ ọ̀hún ló kọ̀wé. Wọ́n ní kí n tún ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti di ara wọn lọ́wọ́ mú yẹn kà. Wọ́n wá gbé ife lé mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé mẹ́ta rèé, inú kò run wọ́n. Nọ́ọ̀sì ń fọ́nnu, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ìwọ lo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. O ṣeun, ọmọ dáadáa.

Jọ̀ọ́, fi owó ife tánganran ránṣẹ́, kí o fi tèmi náà mọ́ ọn. Bí o ṣe ń ṣọ́ ikùn oníkùn, Olúwa á ṣọ́ tìrẹ. Ọwọ́ àwọn tó dì ọ́ mú kò ní dẹ̀ láé.

Ife bàbà náà wà lórí pẹpẹ. Lẹ́tà rẹ ni mo kì bọ inú rẹ̀, bàbá rẹ sì ń wò ó láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ìsọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.