Ìrora Tí Mo Pè Ní Ọ̀lẹ

Ọ̀gá kékeré, mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Ìyá àgbà wà ní pálọ̀. Oògùn rẹ wà lórí tábìlì. Jẹun kó o tó lò ó, kó o sì mu omi dáadáa.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tó o ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, mo ní ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́, èmi tí mo mọ àìsàn tó ń bá ọ fínra láti kékeré. O kàn mú bàtà rẹ, o fẹ́ wọ̀ ọ́. Ìgbà tí bàtà ò wọ ẹsẹ̀ rẹ mọ́ ni mo tó rí i pé ó ti wú.

Oorun gbé ọ lọ kí n tó bẹ̀ ọ́. Má bínú. Bó bá tún ń dùn ọ́, má pa á mọ́ra. Sọ ọ́, màá gbà ọ́ gbọ́.

Màmá rẹ