Kóòṣì tí Mo Dárúkọ Lórí Rédíò

Agbo-ilé Olókò,
Tẹ̀dé.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì.

Samsudeen Àlàó, ọmọ mi,

Àlàáfíà kí ó wà fún ọ, kí ó wà fún Fàrídà ìyàwó rẹ, kí ó wà fún ọmọ mi kékeré tó ń yọ eyín. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí ò ń tún ṣe ń lọ dáadáa? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ooru Èkó pa ìwọ tó ń sọ ilé àwọn ẹlòmíràn di tútù. Oúnjẹ kò ní wọ́n nínú ilé rẹ, aṣọ kò ní wọ́n, ẹ̀rín kò ní wọ́n. Mo ti ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n kí ìwọ náà ṣe é bí o bá ti kà á dé ibẹ̀, kí ó lè pé.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé ìwé ni mo kọ. Kò sí ẹni tó kú. Fóònù tí o rà fún mi ní Iléyá èṣí ni kò dá mi mọ̀ mọ́. O rántí pé ìgbà tí o gbé e dé, o ní kí n fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́, pé òun ni yóò máa fi mọ̀ pé èmi ni, ó sì ń mọ̀ mí dáadáa nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èso igi òrí, tí mo ń po òrí, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ṣe ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà ń ṣe, kò sì ní ṣí. Mujeebat aránṣọ tó wà ní iwájú ilé wa ní iṣẹ́ òrí ló ti pa ìlà ọwọ́ mi rẹ́. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo jókòó tì í, mo sọ fún un pé èmi Mùyìbátù náà ni, ìyá Samsu, kò gbà. Mujeebat ti bá mi fi nọ́ńbà ṣí i báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kì í ṣe ohun tí mo lè fi sínú nǹkan tí kò mọ ẹni tí mo jẹ́.

Ilé dára. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ti gbin àgbàdo sí ẹ̀yìn ilé, ó ti ń yọ. Kajú kò so púpọ̀ bíi ti èṣí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá rà á kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bímọ méjì, akọ kan, abo kan, akọ náà kì í gbọ́ràn, ó ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan bùbá mi.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi mú bírò bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mò ń po òrí lọ́wọ́, rédíò wà lórí tábìlì, mò ń dúró de wáàsí. Ètò tó máa ń ṣáájú wáàsí ni ti eré ìdárayá láti Ṣakí, ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn ló ń ṣe é. Ó wá ní ìbéèrè ti ọjọ́ náà ni pé nínú gbogbo kóòṣì tó wà láyé, èwo ni ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa máa fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún jù lọ, kí ẹ pè, kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Èmi rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n máa gbà síṣẹ́.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ọ̀kan pè láti Ìgbòho, ó dárúkọ òyìnbó kan, ó ní torí pé ó ti gba ife mẹ́tàdínlógún. Mo ní ọkùnrin yìí á mà lálejò o, kí ló tún fẹ́ fi èyí tó kù ṣe? Ẹlòmíràn ní òyìnbó tó máa ń pariwo ni òun fẹ́, pé bí ó bá ti pariwo, arúgbó á sáré. Ó ṣe mí láàánú, mo ní bóyá kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn nílé rí ni. Ẹnì kẹta wá ní ẹni tí òun kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún láéláé ni kóòṣì tó bá ń fi ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù sórí bẹ́ǹṣì. Ọwọ́ mi dúró nínú òrí.

Àlàó, o mọ̀ pé mo mọ bẹ́ǹṣì. Ó di ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ìwọ lò ń gbá góòlù wọlé fún ilé ìwé Tẹ̀dé, ẹ sì fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn gbá àṣekágbá ní pápá tiwọn. Gbogbo ìlú ló ń sọ pé àwọn kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn tí wọ́n máa wò yín, tí wọ́n máa mú ẹni tó bá dára jù lọ. Tíṣà Oyèlẹ́yẹ tó ń kọ́ yín ní bọ́ọ̀lù fi ọ́ sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Tíṣà kò sì sọ ìdí. Wọ́n nà yín ní méjì sí ọ̀kan. O délé, o ju bàtà bọ́ọ̀lù rẹ sórí àjà, o ní o ò ní bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ mọ́ láyé rẹ. Kí oṣù náà tó parí, o ti wọ mọ́tò lọ sí Èkó, o kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Mo dìde, mo lọ bá Mujeebat pẹ̀lú òrí lọ́wọ́, mo ní kó bá mi pe rédíò. Ó wò mí, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí ojú mi, ó pè é. Wọ́n gbé e. Mo kí ọmọkùnrin náà, mo bi í nípa ìyá rẹ̀, mo ní ṣé ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́ mọ̀mọ́, ẹ gbé rédíò yín wálẹ̀. Mo padà lọ gbé e kúrò lórí tábìlì, mo gbé e sílẹ̀. Ó ní rédíò ṣì ń dún, kí n túbọ̀ gbé e wálẹ̀. Mo gbé e jáde, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo ní ẹ̀yìn ilé níbi tí ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Mujeebat bá sáré lọ pa á. Ọmọkùnrin náà wá bi mí pé kóòṣì wo ni. Mo ní Tíṣà Oyèlẹ́yẹ. Ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo ni wọ́n wà báyìí. Mo ní wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Tẹ̀dé níbí, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Mo sọ fún un pé Tíṣà máa ń fọ aṣọ àwọn ọmọ fúnra wọn, pé wọ́n wá sílé wá bi ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oríkì ọmọ rẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé èébú ni wọ́n máa fi pe ọmọ tó bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá. Ó wá béèrè pé ṣé ìdí tí mo fi máa fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn nìyẹn. Mo ní rárá.

Mo ní, “Wọ́n gba ẹ̀bi tèmi rù, wọn kò sì sọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá.”

Ibẹ̀ ni owó inú fóònù Mujeebat tán sí.

O mọ Tẹ̀dé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹni tó wá ra òrí ló ń bi mí pé ẹ̀bi wo. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìgbà tí Tíṣà ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ẹsẹ̀ náà wú. Ìyàwó wọn gbé omi àti ẹ̀pà fún mi, ó sì wọlé lọ. Tíṣà ní, ìyá Samsu, ẹ̀bi wo ni mo gbà rù fún yín?

Mo ti múra irọ́ kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mi ò ní fi í pamọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ mọ́ nígbà tí mo rí wọn. Mo sọ òótọ́, òótọ́ náà ni mo wá ń sọ fún ọ báyìí, Àlàó, kí o jókòó kí o tó kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ àṣekágbá yẹn, èmi ni mo lọ bá Tíṣà nílé. Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, mi ò tíì jáde opó. Mo gbọ́ ti àwọn ará Ìbàdàn tó ń bọ̀ wá mú ọmọ lọ, oorun kò kùn mí mọ́, mo ní bí wọ́n bá mú ọ, ilé á ku èmi nìkan. Mo sọ fún Tíṣà pé àyà máa ń dùn ọ́, pé o máa ń gbé ọwọ́ lé e, tí o kò ní lè mí, pé dókítà ní bí o bá sáré púpọ̀ o lè ṣubú kí o má dìde. Kò sí dókítà kankan. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ó dá mi lójú. Mo sunkún. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ọ, pé ojú á tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Wọ́n ṣèlérí, wọ́n sì mú un ṣẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àṣekágbá, kí ìwọ tó wọlé, wọ́n rìn wá sí ilé wa, wọ́n ní, màmá, wọ́n nà wá, ṣùgbọ́n ọmọ yín wà láàyè. Mo bu omi fún wọn, mi ò sọ nǹkan kan.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Adìyẹ kan gba àárín wa kọjá, ó tún padà. Wọ́n wá béèrè pé ṣé mò ń sọ pé àyà ọmọ náà kò dùn ún rí. Mo ní kò dùn ún rí.

“Ọlọ́run ṣeun,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ọwọ́ bojú. “Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa wá sọ fún mi pé ó ti ṣubú ní Èkó.”

Wọ́n ní Iléyá èṣí, nígbà tí o gba iwájú ilé wọn kọjá tí o kò kí wọn, àwọn wò ọ́ títí o fi yà ní kọ́nà, àwọn sì pe ìyàwó àwọn pé kó wá wò ó, ó ń mí dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó bínú. Wọ́n kọjú sí títì, wọ́n ní mo ṣẹ àwọn, mo sì ṣẹ ọmọ náà jù àwọn lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, kí n kọ ọ́, pé ohùn inú fóònù ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí inú bá kọ́kọ́ bí ọ, o lè ka ìwé lẹ́ẹ̀kejì.

Mo fẹ́ dìde, Tíṣà ní kí n dúró. Wọ́n da ẹ̀pà tó wà nínú àwo sórí àga gígùn tó wà láàárín wa, wọ́n to mọ́kànlá síbí, wọ́n to mọ́kànlá sọ́hùn-ún. Mo mú ọ̀kan, mo fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní gólì àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn nìyẹn. Mo kó ọwọ́ mi sórí itan. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀yìn àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn ní apá òsì, ọmọ gíga kan wà níbẹ̀ tó ń tiro díẹ̀, pé àwọn rí i nígbà tí wọ́n ń sáré káàkiri kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí o má bá àwọn tó wà láàárín jà. Kí o fà sí òsì, kí o dúró, kí o jẹ́ kí ọmọ gíga yẹn kọ́kọ́ gbéra, kí o tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ sọ fún ọ láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá náà nìyẹn, àwọn kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún láti ìgbà náà. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n tún un sọ kí n má bàa ṣì í. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo kọ ọ́ yìí.

Ọmọ mi, bí ọwọ́ rẹ bá tẹ owó díẹ̀, bá mi fi ránṣẹ́, ìjì ti ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná, bí mo bá ń dáná òjò ń bá mi dá sí ọbẹ̀. Má fi í sí báǹkì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní owó mi wà nínú kọ̀ǹpútà, mo ní kó ṣí i kí n kàn fojú rí i, kó tún tì í padà, kò gbà. Fi lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, tàbí kí o mú un wá fúnra rẹ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló wù mí jù.

Bí o bá ń bínú sí mi, mo gbà á, ó tọ́ sí mi. Mò ń sá fún kí wọ́n mú ọ lọ, ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi lọ, èmi ni mo sì lé ọ. Má yára dá mi lóhùn bí kò bá tíì yá ọ lára. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò ṣẹ̀ ọ́ rí, àwọn ni kí o kọ́kọ́ pè. Mujeebat ti kọ nọ́ńbà wọn sí ẹ̀yìn ìwé yìí.

Ọlọ́run á dá ọ sí. Á fún ọ ní ọmọ tí yóò ju ìwọ lọ. Bí ọjọ́ bá sì dé tí ẹsẹ̀ ọmọ náà fẹ́ rìn jìnnà, kí Ọlọ́run fún ìwọ ní agbára tí èmi kò ní, láti jẹ́ kí ó lọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń bẹ̀ ọ́,
Mùyìbátù.