Ìwé Sìgá Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Wọ́n ti sọ mí di ọlọ́pàá. Ọ̀gá Òkè — òun ló ni ilé ìtẹ̀wé wa, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé bí ẹyẹ — pè mí láàárọ̀, ó gbé ìwé aláwọ̀ ewé kan lé mi lọ́wọ́. Láti òní lọ, sìgá ti dèèwọ̀. Ẹni tí mo bá ká mọ́ ọn, kí n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kíní, ìkìlọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìkìlọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kó máa lọ sílé ẹ̀. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ èmi. Ó ní èmi ni alábòójútó gbọ̀ngàn ẹ̀rọ, mi ò sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Kí ni màá máa purọ́ fún ìwé ara mi sí?

Òótọ́ ni pé èéfín yẹn ti pọ̀ jù. Obìnrin tó ń rán ìwé pọ̀ lóyún oṣù mẹ́fà, ìborùn ló fi ń bo imú ṣiṣẹ́. Ó ti sunkún níwájú mi rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta
Bàbá Àmì ló yẹ ìwé ìkìlọ̀ tí Ọ̀gá Òkè kọ nípa sìgá wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó ń jáde níbí tí kò gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá, ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, nígbà tí mi ò mọ̀ ju kí n gbálẹ̀ lọ. Àmì ohùn kan ò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ lójú ẹ̀. Òun náà ló ń fa sìgá ju gbogbo wa lọ. Oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Ohun tí Ọ̀gá Òkè kọ ni: "Ẹni tí a bá mu pẹ̀lú sìgá nínú ilé iṣẹ́…" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ mu àwọn bí ẹni mu omi ni. Ó fi àmì lé e: mú. Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín títí di ọ̀sán.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹta
Mo bá Bàbá lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, níta gbangba, òun nìkan, sìgá lẹ́nu. Mo ṣí ìwé. Ó ní kí n kọ́kọ́ ka ìkìlọ̀ náà sí òun létí. Mo kà á. "Nínú ilé iṣẹ́." Ó fọwọ́ gbá ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ó tọ́ka sójú ọ̀run — ṣé nínú nìyẹn náà? Mo pa ìwé mi dé. Àgbà yìí á sọ èèyàn di aṣiwèrè.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹta
Ọ̀gá Òkè gbọ́. Ó ti yí i padà: "nínú ọgbà ilé iṣẹ́, títí dé ẹnu géètì." Bàbá Àmì ló tún ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkà ni Ọ̀gá yẹn. Bàbá fi gbogbo àmì sí i, ó tiẹ̀ fi kọ́mà kan kún un. Mo ní, Bàbá, ẹ ò bá ti fi àyè kékeré sílẹ̀ fún ara yín. Ó ní òun ò lè torí ẹnu òun ba ojú ìwé jẹ́.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta
Orúkọ méjì. Ẹlẹ́rìn-ín, awakọ̀ tó ń kó ìwé lọ fún àwọn oníbàárà, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀, lẹ́yìn ti àná. Bàbá Àmì, ẹ̀ẹ̀kíní. Ọwọ́ mi wúwo lórí tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹta
Bàbá, ẹ̀ẹ̀kejì. Lábẹ́ igi tó wà nítòsí géètì, ibi tó jìnnà sí gbogbo ènìyàn. Ó bi mí pé imú ta lòun dí níbẹ̀. Mo ní bí kálukú bá ń ní igi tiẹ̀, igi á tán. Mo tún ní ikọ́ yẹn ńkọ́? Ó ní òun ló ni ikọ́, òun ló ni àyà. Ó ní òun ti ń tún ti ẹlòmíì ṣe láti ọjọ́ tóun ti dáyé, kí wọ́n jẹ́ kí òun ní àṣìṣe kan tó jẹ́ tòun. Mo ti kọ ọ́ kó tó sọ ìyẹn.

Ẹyọ kan ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta
Mò ń rò ó ṣáá. Aláboyún yẹn lẹ́tọ̀ọ́ sí afẹ́fẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sábẹ́ igi? Dókítà ní kí èmi gan-an dín iyọ̀ kù, ó ti tó ọdún kan. Bí ẹnìkan bá wá ń fi ìwé ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ mi, àwo ni màá fọ́ mọ́ ọn lórí. Ẹni tó ń fi tipátipá gba ẹlòmíì là, ṣé olùgbàlà ni àbí wọ́dà? Síbẹ̀, bí Bàbá bá wúkọ́, inú mi ló ń bà jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹta
Mo rí Bàbá. Mi ò rí Bàbá.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹta
Mi ò tún rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta
Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kẹta. Inú ọkọ̀ ló wà, ìṣísẹ̀ méjì péré ló kù kó jáde ní géètì. Mo kọ ọ́. Wọ́n lé e kó tó di ọ̀sán.

Kò rẹ́rìn-ín lónìí. Ó dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n bó ṣe máa ń pè mí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú yín kan ló ń ríran ni?" Gbogbo wọn dojú kọ ẹ̀rọ wọn. Bàbá Àmì wà níbẹ̀, ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní òfin ni. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ tì mí lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹta
Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́. Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bàbá dé ìdí tábìlì mi kí n tó bọ́ báàgì léjìká. Ó ní kí n fún òun ní ìwé sìgá. Mo rò pé ó fẹ́ yẹ àmì ohùn wò ni. Ó yọ bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, abẹ́ igi, ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, Bàbá, ẹnikẹ́ni ò rí yín.

Ó ní: "Ìwọ rí mi. Èmi náà rí ọ."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dá mi dúró. Ó ní: "Òmìnira tí o bù fún mi, tí o ò bù fún ọmọ awakọ̀, ojúsàájú ni, ọmọ mi. Mi ò lè mu ún."

Mo gbé ìwé lọ sókè. Ọ̀gá Òkè kà á, ó ní kí n ya ojú ìwé yẹn dànù, iṣẹ́ ńlá wà nílẹ̀, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí Bàbá bá lọ? Mo ní kó pe Ẹlẹ́rìn-ín padà, màá ya ojú ìwé méjèèjì níwájú rẹ̀. Ó ní ti awakọ̀ yàtọ̀. Mo ní báwo. Mo sọ fún un pé mo ti rí Bàbá lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí mi ò kọ ọ́, kó kọ èmi náà síbì kan.

Ó ní òun ò ní pe awakọ̀ kankan padà. Mo ní ó dáa, a jẹ́ pé òfin kan Bàbá pẹ̀lú. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó wá ẹlòmíì tí yóò máa gbé e kiri.

Bàbá kó ohun tó ní sínú báàgì kan: gíláàsì ojú, pẹ́ńsùlù pupa mẹ́ta, ife tíì. Ó bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, aláboyún yẹn ló ṣìkẹyìn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú nítorí èéfín ìgbà yẹn. Mo sìn ín dé géètì, omi ń jáde lójú mi. Ó ti jáde tán kó tó yíjú padà sí mi.

"O kú iṣẹ́ o," ló wí. Ohùn pẹ̀lẹ́. Kò sí èébú nínú ẹ̀.