Èbù Mi Kò Kú

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Kejìlá, 1956

Kò sẹ́ni tó ń ta èbù iṣu bíi tèmi láti Elegbeka dé Arimogija, ìwọ Àjàyí! Ìwọ tí iṣu rẹ rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ, o dìde láàárín ọjà, o ní mo bọ èbù lómi gbígbóná kí n tó tà á fún Ìyá Bọ́lá. Torí pé kò tíì hù!

Ìyá Bọ́lá náà gbà á gbọ́. Wọ́n ní, "Gbajúmọ̀, wá kó òkú iṣu rẹ kúrò lóko mi." Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Oníbàárà kan ò yà sọ́dọ̀ mi mọ́.

Mo bá wọn dé oko. Mo wa ọ̀kan, mo là á: funfun, ó ń sun omi. "Ìyá mi, ṣé òkú nìyí? Ó ń sùn ni! Iṣu tuntun kì í jí nígbà ọyẹ́."

Àjàyí tó tẹ̀ lé wa ń rẹ́rìn-ín. Mo fà á dé ọgbà tó to iṣu tiẹ̀ sí. Oṣù kan náà la wa tiwa, ẹyọ kan ò hù níbẹ̀.

"Ta ló bọ tìẹ?"



Ìyá Bọ́lá ò tilẹ̀ bẹ̀ mí! Wọ́n ní àwọn á dúró de òjò àkọ́rọ̀. Bí kò bá wá hù ńkọ́...

Á hù. Mo ti ti ilẹ̀kùn. Kẹ́nikẹ́ni má kàn án, èmi náà ń sùn.