Àpótí Karùn-ún Láti Abẹ́ Òkun

Yàrá Òkúta,
Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le dáadáa? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ látìgbà tí o ti ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù gun àkàbà ti fúyẹ́? Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. A dúpẹ́.

Nínú lẹ́tà rẹ, o bi mí bóyá mo ti gbọ́ ẹni tó kọ̀wé sí ọ̀gá tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ìwádìí. O ní ẹlẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ, lo fura sí, pé o ò kí i mọ́, pé o tilẹ̀ kọ̀ láti lọ síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lọ́kàn jẹ́ gan-an. Mo mọ ẹni náà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí bí mo bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, o ò ní ka ìyókù.

Ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi. Òkúta tí ẹ bá fà jáde lábẹ́ òkun, èmi ni mo ń gbà á, èmi ni mo ń tò ó, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kì í sì í kúrò lọ́rùn mi. Mo máa ń yẹ ẹrù wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ ń pè mí ní Ìyá Ìfura, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mi ò bínú. Ìfura loògùn àgbà.

Nígbà tí àwọn àpótí òkúta rẹ dé láti òkun kékeré tó wà láàárín ilẹ̀ ńlá àti àwọn erékùṣù, ọkàn mi ò balẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ń ya níbi òkè gígùn kan. Òkúta yíyọ́ ń ru sókè níbẹ̀, ó ń tutù, ó sì ń ti èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Nítorí náà, bí òkúta bá ṣe jìnnà sí òkè yẹn tó ni yóò ṣe gbó tó. Nígbà tí a wọn ọjọ́ orí tìrẹ, ti apá ìlà-oòrùn rí bẹ́ẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, láti àpótí kìíní tó sún mọ́ òkè jù lọ dé ìkẹrin, wọ́n ń gbó lọ bó ṣe yẹ, àfi bí ìkarùn-ún ṣe kéré lọ́jọ́ orí sí ìkẹrin. Ìkẹfà tún kéré sí i. Ìkeje bá tún gbó padà. Ṣé àbúrò ti ń ṣáájú ẹ̀gbọ́n wáyé ni?

Mo wo bébà ara àpótí: bírò kan náà, bí ẹni jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ọmọ yìí ti da òkúta pọ̀ mọ́ra wọn. Mo rántí ìwọ tí màmá máa ń ní kí o gbá ilé, tí o máa ń gbá iwájú, tí o sì máa ń fọwọ́ sọ́yà búra pé o ti gbá ẹ̀yìn. Mo ní ìwà yẹn ló bá ọ wọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìwé tí kò lórúkọ dé ọwọ́ ọ̀gá, pé o ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, pé àfọwọ́dá ni nọ́ńbà tí o kọ sára àpótí. O ṣàlàyé títí, o ní, "Mo kọ wọ́n lójú ẹsẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan." Kò sẹ́ni tó gbà ọ́ gbọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá fúnra wọn bá ọkọ̀ lọ, wọ́n dúró ti okùn irin tí a fi ń fa òkúta títí òkúta tuntun fi jáde lójú ìlà kan náà. Mo ṣí àpótí náà, mo ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà. Bákan náà ló rí: ìkẹrin gbó, ìkarùn-ún kéré. Mo ṣì ń fura, mo ní bóyá wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀. Obìnrin tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ló wá tẹ́ àwòrán sílẹ̀ níwájú mi. Òkè mìíràn wà lábẹ́ ẹrẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, òkè tó ti kú. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti kọ́kọ́ ń ya, kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, kó lọ ya síbòmíràn; ìdí nìyẹn tí òkúta fi ń kéré lọ́jọ́ orí bó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, tó sì ń gbó padà bó bá kọjá rẹ̀. Ó ní kì í tilẹ̀ ya dọ́gba, pé apá kan ń gba òkúta tuntun ju èkejì lọ, pé nínú irú òkun kékeré bẹ́ẹ̀, ó wọ́pọ̀. Òkúta rẹ ò ṣì. Àwa la ṣì.

Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún. Nítorí èmi ni. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo kọ ìwé yẹn. Ǹ bá pè ọ́ kí n bi ọ́, mi ò bi ọ́. Ẹni tí mo pọ̀n dàgbà ni mo fura sí. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, mi ò lè kó o.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Wọ́n bá mi wí gidigidi, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n ní ọkọ̀ ń padà lọ síbi òkè tó kú yẹn lọ́jọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, pé àyè rẹ ṣì wà níbẹ̀ bí o bá fẹ́ ẹ. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n kí o tó wọkọ̀, lọ bá ẹlẹ́ńjìnnì kẹ́dùn ìyá rẹ̀.

Òkun yóò gbé ọ lọ, yóò sì gbé ọ bọ̀. Àwọn ọmọ rẹ kò ní fojú burúkú wo ara wọn láé. Ayọ̀ la ó máa fi gbúròó ara wa. Àmín.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ.

Àfikún: Ẹlẹ́ńjìnnì mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó rí mi nígbà tí mo ń ti ìwé náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀gá. Lánàá, mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún ọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí o fojú rẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá tèmi ti lọ, mi ò sì ní ọmọ ìyá kankan. Ẹ̀yin ṣì ní ara yín. Èmi kọ́ ni màá yà yín."