Okùn Tín-ín-rín Méjì Nínú Ọ̀fun Ládàánì

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ilé tó ń gbọ́ yín ní Douala. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkọ mi ti ń ṣe ládàánì ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa, Ndogbong. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ohùn rẹ̀ ti há, ló bá ń bá wa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó lè tọ́jú ìyókù fún ìrun pípè. Dókítà tó ń ṣèwádìí nípa ohùn, tí a lọ bá ní ilé ìwòsàn, sọ pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà ń pa ọ̀fun lára. Ó ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba imú ọkọ mi, ó ní, "Àlàájì, ẹ pe ìrun."

Ọkọ mi ní, "Àsìkò ò tíì tó o!"

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Faransé, dókítà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ ṣáà sọ pé 'aaa'."

Lójú ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán kámẹ́rà náà jáde, mo rí okùn funfun méjì tó ń gbọ̀n, kókó kékeré sì wà lára ọ̀kan. Dókítà ní wọ́n ń pàdé ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnu mi ò lè padé. Ohun tó ń jí àdúgbò láràárọ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ!

Wọ́n fẹ́ gé kókó náà, ọkọ mi kọ̀. Ó ní, "Bí ohùn ẹlòmíràn bá jáde ńkọ́?" Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohùn yín gan-an ló padà wá?