Ilé Oúnjẹ Ítálì Tí Mo Ti Purọ́

Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orókùn Màmá ti ń san.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, télọ̀ kan àti tíṣà kan, lọ jẹun nílé oúnjẹ Ítálì àdúgbò wa. Télọ̀ ní ọbẹ̀ sùpàgẹ́tì wọn dùn. Tíṣà ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kí èmi alásè dájọ́. Mo ní, “Ó ṣe déédéé.”

Irọ́ ni! Ó ti tó oṣù méjì tí ahọ́n mi ò ti mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. Bí ọ̀gá mi bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ẹ gbà mí o! Kí ni kí n lò?

Ọlọ́run á dá yín sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá. Bí wọ́n bá ń tọ́ ọbẹ̀ mi wò nílé, ojú wọn ni mo ń wò kí n tó mọ̀ bóyá ó níyọ̀.